Ìwà Ẹṣin àti Ọ̀nà Ìdarí Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Haúsá àti Borno

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó wà láàrin aṣálẹ̀ Sàhárà àti igbó etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sí ẹran ọ̀sìn tí ọ̀rọ̀ ìjọba àti ogun so mọ́ tó ẹṣin. Ní ilẹ̀ Haúsá àti Borno, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wà ní àríwá Nàìjíríà lónìí, ẹṣin ni a fi ń jagun, ẹṣin ni a fi ń dá ọlọ́lá mọ̀, ẹṣin ni ọba sì fi ń san oore fún ẹni tí ó bá sìn ín dáadáa. Ẹni tí ó bá rí àwọn ẹṣin wọ̀nyí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ ọdún, tí wọ́n ń fi pátákò walẹ̀, tí wọ́n ń yán, tí ìfòfó ń jáde lẹ́nu wọn, lè rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn ni wọ́n ṣe le tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Irú ẹṣin tí wọ́n yàn, okùn tí wọ́n fi so ó, oúnjẹ tí wọ́n fún un, irin tí wọ́n fi sí i lẹ́nu àti irú eré tí wọ́n kọ́ ọ ni ó para pọ̀ di ohun tí à ń pè ní ìwà ẹṣin ogun. Ní agbègbè kan náà, lórí òkè àti létí odò, irú ẹṣin mìíràn wà tí àwọn tí ó ni í ń darí lọ́nà mìíràn.

Ẹṣin kékeré ni ó kọ́kọ́ wà. Al-Bakri, ọmọ ilẹ̀ Andalusia tí ó parí ìwé rẹ̀ ní 1068, sọ pé ẹṣin àwọn ará ìjọba Ghana kúrú gan-an. Ghana àtijọ́ yìí kò sí níbi tí orílẹ̀-èdè Ghana ti òde òní wà; agbègbè ààlà Màlì àti Mauritania ni ó wà. Al-Bakri fi kún un pé bí ọba bá jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹṣin 10 tí a fi aṣọ tí a fi wúrà ṣe ọ̀ṣọ́ sí bò ni ó máa ń dúró yí àgọ́ rẹ̀ ká. Kúkúrú ni ẹṣin, ṣùgbọ́n ọlá rẹ̀ kò kúrú. Ní Igbo-Ukwu, ní ilẹ̀ Ígbò, ibi tí Thurstan Shaw bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ ní 1959, wọ́n rí èèkù idẹ kan tí a mọ ère ọkùnrin tí ó gun ẹṣin sí lórí. Ọjọ́ orí àwọn ohun tí a rí níbẹ̀ tó nǹkan bí ọ̀rúndún 9. Àní ní agbègbè igbó, ènìyàn ti mọ ẹlẹ́ṣin tipẹ́tipẹ́ kí ẹ̀wù irin àti gàárì gíga tó dé ilẹ̀ Haúsá.

Robin Law, tí ìwé rẹ̀ lórí ẹṣin nínú ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 1980, ni ó ṣe àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí: pé ẹṣin kékeré tí wọ́n ń gùn láìsí gàárì ni ó ṣáájú, àti pé ẹṣin ńlá pẹ̀lú gàárì àti irin ìtẹsẹ̀ tàn kálẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún 13 sí 14. Ẹṣin kékeré kò parẹ́ nígbà tí ẹṣin ńlá dé. Ó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ àwọn tí ẹlẹ́ṣin ńlá ń kó lẹ́rú. Lórí òkè Jos, àwọn Berom àti Ngas ń gun irú rẹ̀ láìdì í ní gàárì. Àwọn Berom fi ń ṣọdẹ, wọ́n sì fi ń san nǹkan orí ìyàwó. Ní àfonífojì odò Logone, ní gúúsù adágún Chad, ọwọ́ àwọn Musgu ni ó wà. Ẹṣin wọ̀nyí ń gbèjà olówó wọn lọ́nà méjì: wọ́n mọ ọ̀nà orí àpáta àti inú ẹrọ̀fọ̀ tí ẹṣin ńlá kò lè tọ̀, wọ́n sì ń fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń fà ju bí ẹṣin ńlá ti lè ṣe lọ.

Heinrich Barth, ará Jámánì tí ó bá ọmọ ogun Borno lọ sí ilẹ̀ Musgu ní òpin 1851, kọ nípa bí àwọn Musgu ti ń jókòó lórí ẹṣin wọn. Wọ́n á bó awọ ẹ̀yìn ẹṣin títí tí yóò fi di egbò gbòòrò, kí ìdí ẹni tí ó gùn ún má baà yọ̀. Bí eré bá sì di eré àsápajúdé, ẹni náà á gé ara ẹsẹ̀ tirẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè mú ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà ẹṣin. Ìwà ìkà ni èyí, kò sì sí ìdí láti fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé kíyè sí ni pé ìrora wà ní ọ̀nà méjèèjì. Àwọn Musgu fi í sí ẹ̀yìn ẹṣin, wọ́n sì bá ẹṣin pín nínú rẹ̀; àwọn ìjòyè Borno àti Haúsá fi í sí ẹnu ẹṣin, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Ẹṣin ńlá bá àwọn oníṣòwò tí ń la Sàhárà kọjá dé. Ní ọ̀rúndún 14, al-Umari kọ ohun tí ó gbọ́ nípa Màlì sílẹ̀ ní ilẹ̀ Íjíbítì: pé ọmọ ogun ọba tó 100,000, tí 10,000 nínú wọn jẹ́ ẹlẹ́ṣin, pé gàárì Lárúbáwá ni wọ́n ń lò, àti pé owó gọbọi ni ọba ń san fún ẹṣin Lárúbáwá. Ó mẹ́nu ba nǹkan kékeré kan tí ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ìdarí ẹṣin bá kàn. Ó ní bí ará Màlì bá fẹ́ gun ẹṣin, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó kọ́kọ́ ń gbé, èyí tí ó yàtọ̀ sí ti gbogbo ènìyàn yòókù. Ẹni tí ó bá ti bá ẹṣin lò mọ̀ pé ẹran tí ó ti mọ́ lára láti gba ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́ òsì kì í fẹ́ dúró fún ẹni tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yọ sí i. Bí al-Umari bá gbọ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ẹṣin tí ó ti òkèèrè wá ní láti tún ẹ̀kọ́ kọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ tuntun. Nígbà tí Ibn Battuta dé ọ̀dọ̀ Mansa Sulayman ní 1352, ó rí i pé bí ọba bá jáde síta láti jókòó níwájú ènìyàn, wọn a mú ẹṣin méjì tí a ti dì ní gàárì, tí a sì ti kó ní ìjánu wá, pẹ̀lú àgbò méjì, láti fi dènà ojú burúkú.

Ní ilẹ̀ Haúsá, ìwé ìtàn àwọn ọba Kano sọ pé ní àkókò Sarki Kanajeji, tí ó jọba ní nǹkan bí 1390 sí 1410, ni lifidi, àṣíborí irin àti ẹ̀wù tí a fi ẹ̀wọ̀n irin hun bẹ̀rẹ̀ ní Kano. Lifidi ni aṣọ nínípọn tí a rán ní ìpele ìpele, tí a ki òwú igi àràbà sí nínú, tí ó bo ẹṣin láti ọrùn títí dé orúnkún. Ọfà kò lè tètè gún un wọlé. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì móoru. Ẹṣin tí yóò bá wọ̀ ọ́ ní láti kọ́kọ́ fara mọ́ aṣọ tí ń lu ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé e, nǹkan tí ẹ̀rù rẹ̀ sábà máa ń ba ẹṣin jù lọ. Kò lè sáré jìnnà. Eré kúkúrú kan, tí a fi gbogbo agbára sá, ni ó wà fún.

Iye tí wọ́n ń ra ẹṣin ni a kò gbọ́dọ̀ fò dá, nítorí ènìyàn ni owó náà. Cadamosto, ará Venice tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí dé ilẹ̀ àwọn Wolof ní 1455, sọ pé ẹrú 9 sí 14 ni wọ́n ń fi gba ẹṣin kan níbẹ̀. Leo Africanus, tí ó kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, sọ pé ọba Borno a máa pe àwọn oníṣòwò àríwá láti kó ẹṣin wá, pé ẹrú 15 tàbí 20 ni ó ń san fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé àwọn oníṣòwò náà ní láti dúró títí tí ọba yóò fi ti ogun dé kí wọ́n tó rí owó wọn gbà. Ọba kan náà, ni Leo wí, ni wúrà pọ̀ lára ìjánu àti kẹ́sẹ́ ẹṣin rẹ̀. Ẹrú ni ó sì yàn láti fi san gbèsè. Ìwé ìtàn Kano sọ pé Sarki Yakubu, tí ó jọba ní àárín ọ̀rúndún 15, fi ẹṣin 10 ránṣẹ́ sí ọba Tápà, ìyẹn Nupe, ó sì gba ìwẹ̀fà 12. Wọ́n nílò ẹṣin láti kó ẹrú, wọ́n sì nílò ẹrú láti ra ẹṣin. Àwọn ará òkè Jos àti àwọn Musgu ni wọ́n san owó yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, láìgun irú ẹṣin tí a fi wọ́n rà.

Ẹni tí ó bá fi ènìyàn 15 ra ẹran kan kò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Cadamosto rí i pé nígbà tí ìjòyè Wolof kan bá ra ẹṣin, yóò ránṣẹ́ pe àwọn tí ó mọ oògùn ẹṣin. Àwọn wọ̀nyí á dáná, wọ́n á da ewé sí i, wọ́n á di ẹṣin mú ní orí èéfín náà, wọ́n á sì máa pe ọ̀rọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi nǹkan pa á lára, wọ́n á fi í pamọ́ fún ọjọ́ 15 tàbí 20 tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i, wọ́n á sì so oògùn tí a fi awọ pupa dì mọ́ ọrùn rẹ̀. Cadamosto ka gbogbo rẹ̀ sí ohun asán. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì nínú òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́, lọ́wọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ohùn àti òórùn wọn kò yí padà, jẹ́ ọ̀nà tí ó dára láti fi ọkàn ẹṣin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi balẹ̀.

Ní Kano, Katsina, Zaria àti Kukawa, akọ ẹṣin ni ìjòyè ń gùn, wọn kì í sì í sábà tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ingarma ni àwọn Haúsá ń pe akọ ẹṣin ńlá tí ó ga, orúkọ náà fúnra rẹ̀ sì ti di ọ̀rọ̀ ìyìn. Abo ẹṣin wà lọ́wọ́ àwọn tí ń sin ẹṣin fún ọmọ bíbí, pàápàá àwọn Lárúbáwá Shuwa ní Borno. Níbi tí akọ ẹṣin púpọ̀ bá ti wà nínú ọgbà kan, wọn yóò jà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ èèkàn pẹ̀lú okùn kúkúrú lẹ́sẹ̀. Orí iyanrìn ni ó ń dúró sí lọ́sàn-án àti lóru, àyàfi bí wọ́n bá mú un lọ mu omi tàbí tí olówó rẹ̀ fẹ́ jáde. Wọn kì í dà á sí pápá láti jẹko fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọdékùnrin àti ẹrú ni ó ń pa koríko wá fún un, wọ́n sì ń fi ewé ẹ̀pà gbígbẹ, èèrí àti ọkà bàbà tàbí jéró kún un. Níbi tí ọkà bá ti wọ́n, nǹkan mìíràn ni wọ́n ń fún un: Dixon Denham rí ẹṣin àwọn Tibu tí wàrà ràkúnmí jẹ́ oúnjẹ rẹ̀.

Bí a bá pa gbogbo èyí pọ̀, akọ ẹṣin tí a kò tẹ̀ lọ́dàá, tí a so mọ́ ojú kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí a fi ọkà bọ́ yó, tí ó ń gbọ́ òórùn akọ mìíràn nítòsí ṣùgbọ́n tí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò jáde ní ọjọ́ tí a bá tú u bí omi tí ó ya ìdídò. Ohun tí olówó rẹ̀ sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹṣin jẹ́jẹ́ kò bu iyì kún ìjòyè.

Láti dá irú ẹran bẹ́ẹ̀ dúró, irin ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Linzami ni àwọn Haúsá ń pè é, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá pẹ̀lú ohun èlò náà. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú ni ó ń rọ ọ́. Ọ̀pá irin kan wà nínú rẹ̀ tí ó dúró lórí ahọ́n, ahọ́n irin kan yọ sókè láti ara rẹ̀ tí ó kọjú sí àjà ẹnu, òrùka irin sì wà tí ó yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹṣin po. Bí ẹlẹ́ṣin kò bá fa okùn, irin náà kò ṣe nǹkan kan. Bí ó bá fà á díẹ̀, irin á gbé àjà ẹnu sókè, òrùka á sì fún àgbọ̀n. Bí ó bá fà á tagbáratagbára, ẹṣin kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó la ẹnu sílẹ̀, kí ó gbé orí sókè, kí ó sì fi ìdí jókòó. Gàárì tí ó ga níwájú àti lẹ́yìn ni kò jẹ́ kí ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ fò kọjá orí ẹṣin ní irú ìdúró òjijì bẹ́ẹ̀. Irin ìtẹsẹ̀ náà ní iṣẹ́ méjì. Ó fẹ̀ bí ọkọ́ pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ sì mú. Hugh Clapperton, tí ó dé Kano àti Sókótó ní 1824, ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó ní i kò nílò kẹ́sẹ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ohun èlò wọ̀nyí kọ́ ẹṣin kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ dé góńgó. Ó gbọ́dọ̀ ti ìdúró bọ́ sínú eré àsápajúdé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sáré tààrà lọ síbi tí ènìyàn pọ̀ sí, kí ó sì dúró gbọnin níwájú wọn. Denham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní oṣù Fẹ́búárì 1823, nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn odi Kukawa ní ilẹ̀ Borno. Dípò àwọn ọmọ ogun díẹ̀ tí wọ́n retí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin ni ó tò lọ́tùn-ún lósì, tí Barca Gana, balógun al-Kanemi, ṣe olórí wọn. Ẹgbẹ́ kan á ya kúrò lára wọn, á sáré bọ̀ wá bí ẹni tí yóò tẹ àwọn àlejò mọ́lẹ̀, á sì dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ díẹ̀ sí orí ẹṣin wọn, wọ́n á ju ọ̀kọ̀ fìrìfìrì lókè orí wọn, wọ́n á kí wọn káàbọ̀, wọ́n á sì yí padà. Jahi ni orúkọ irú ìkíni yìí lédè Haúsá. Ìkíni ni, ìhàlẹ̀ sì ni. Ẹni tí ó lè dá ẹṣin rẹ̀ dúró sí ibi tí ó fẹ́ ti fi hàn pé bí òun kò bá fẹ́, òun kì bá tí dúró.

Ẹṣin náà sì ń ti inú rẹ̀ kọ́gbọ́n. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ó ti mọ̀ pé eré síhà ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí sí ìrora nínú ẹnu. Ìlù àti kàkàkí tó láti rán an létí. Nígbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú kan, tí yóò máa ju orí, tí yóò máa lẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn ìjánu. Púpọ̀ nínú ohun tí òǹwòran ń pè ní ìgbóná ọkàn ẹṣin jẹ́ ìbẹ̀rù irin.

Nítorí èyí ni olùtọ́jú ẹṣin fi ṣe kókó. Ìjòyè ń gun ẹṣin fún wákàtí díẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ń bá a gbé. Òun ni ó ń fún un ní kán-ún lá, tí ń wo pátákò rẹ̀, tí ń fi omi fọ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn jahi, tí ó sì mọ ìgbà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gùn ún. Zagi ni ẹni tí ń sáré níwájú ẹṣin ìjòyè bí ó bá jáde. Oyè tí ó ti inú iṣẹ́ yìí jáde pọ̀: Madaki, tí ó jẹ́ oyè ńlá nínú ìjọba Kano, ti inú Madawaki wá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ẹṣin. Láàfin Kano, Shamaki ni ó ń ṣe olórí ilé ẹṣin ọba. Ẹrú ọba ni Shamaki, síbẹ̀ ọmọ ọba tí ó bá fẹ́ ẹṣin tí ó dára ní láti bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìmọ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọba Ọ̀yọ́ Ilé di ńlá nípa ẹlẹ́ṣin, ṣùgbọ́n àwọn ẹṣin rẹ̀ ń ti àríwá wá, àìsàn eṣinṣin tsetse kò sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé. Pẹ̀lú ẹṣin ni Ọ̀yọ́ ra àwọn tí yóò tọ́jú rẹ̀: ẹrú Haúsá ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Àfọ̀njá ti Ìlọrin pe àwọn ẹrú náà sí òmìnira ní nǹkan bí 1817, wọ́n sá lọ bá a. Ọ̀yọ́ pàdánù ọwọ́ tí ó mọ ẹṣin, ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wọlé sì bọ́ sábẹ́ ọ̀tá. Àwọn òpìtàn sábà máa ń fi ìjà láàrin àwọn olóyè ṣàlàyé ìṣubú Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń jàre. Ó yẹ kí ilé ẹṣin tí ó ṣófo gba àyè tirẹ̀ nínú àlàyé náà.

Ẹṣin tí a kọ́ fún eré tààrà kan kò wúlò níbi gbogbo. Ní oṣù Júùnù 1804, ní Tabkin Kwotto, àwọn ọmọlẹ́yìn Usman dan Fodio, tí ẹṣin wọn kò tó nǹkan, fi ọfà ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Gobir tí ó wọ lifidi. Àwọn tí ó ṣẹ́gun náà kò fi ìyẹn kọ ẹṣin sílẹ̀. Láàrin ọdún díẹ̀, àwọn náà ti di ẹlẹ́ṣin, ilé ẹṣin ní Kano àti Katsina ti di tiwọn, àwọn oyè inú rẹ̀ kò sì yí padà púpọ̀. Nígbà tí wọ́n gba Ìlọrin kọjá sí gúúsù, àwọn ará Ìbàdàn dá wọn dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, ní ilẹ̀ tí igbó ti ń dí.

Ìbọn Maxim ni ó parí ipa ẹṣin nínú ogun. Ní oṣù Jánúárì 1897, ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Bida. Ní ọjọ́ 15 oṣù Máàṣì 1903, àwọn ẹlẹ́ṣin Sókótó sáré lọ síwájú ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀yìn odi ìlú wọn. Eré tí wọ́n sá ni eré tí a ti kọ́ ẹṣin wọn láti ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó wá sọ eré náà di ìran wíwò. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà durbar láti Íńdíà wá, wọ́n sì fi lé orí àṣà tí àwọn Haúsá ti ń pè ní hawa, ìyẹn gígùn ẹṣin jáde ní ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá. Wọ́n ṣe é ní Kano ní 1925 fún ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó di Edward Kẹjọ, ní Kaduna ní 1956 fún Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, àti ní Kaduna ní 1977 nígbà FESTAC. Ní 2024, UNESCO fi durbar Kano sínú àkójọ àwọn ohun àjogúnbá ayé tí a kò lè fọwọ́ kàn. Jahi ṣì ni òpin ètò náà: àwọn ìjòyè á sáré bọ̀ wá síwájú emir, wọ́n á fa ìjánu, wọ́n á sì gbé ọwọ́ sókè.

Àwọn ará òkèèrè mú ọ̀nà ìdarí mìíràn wá pẹ̀lú. Eré polo bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1904, ó sì tàn dé àríwá. Emir Katsina, Muhammadu Dikko, fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Usman Nagogo, tí ó jẹ emir láti 1944 sí 1981, di ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ta jù lọ ní Áfíríkà. Polo béèrè ohun tí ẹṣin jahi kò mọ̀. Ó ní láti yí padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú kan, kí ó fi èjìká kan ẹṣin mìíràn láìbá a jà, kí ó sì máa gbọ́ àmì kékeré tí ẹni tí ó gùn ún bá fi ẹsẹ̀ àti ara ṣe. Wọ́n dín agbára irin kù, wọ́n ń tú ẹṣin jáde fún eré lójoojúmọ́, abo ẹṣin àti akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá sì ní iyì lórí pápá náà. Wọ́n ń ra ẹṣin láti Sùdáànì àti Argentina láti fi ṣe àdàlù pẹ̀lú ti ilé.

Lónìí, ọ̀pọ̀ olówó ẹṣin ní Kano àti Katsina ni ó ní irú méjèèjì nínú ọgbà kan. Ẹṣin polo wà nínú yàrá rẹ̀ láìsí okùn lẹ́sẹ̀. Ingarma ọjọ́ ọdún dúró lórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn, linzami rẹ̀ sì wà lára ògiri nínú ilé, tí a fi òróró pa kí ó má baà dípẹtà kí ọdún tó dé.